Wákàtí mélòó ni dókítà ń lò nídìí kọ̀ǹpútà? Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi pín in

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà ìdílé ni mí ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìdajì ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń rí aláìsàn lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Lóṣù tó kọjá, ilé ìwòsàn wa fún oníkálukú wa ní ìwé tó sọ iye àkókò tí à ń lò nínú àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà. Tèmi jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 51 lóòjọ́. Ọ̀gá wa ní kò pọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń gbé iṣẹ́ yìí relé, àwọn ọmọ á ti sùn kí n tó pa kọ̀ǹpútà. Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń purọ́ ni, àbí èmi ni mi ò mọ aago kà? Báwo ni mo ṣe lè wọ̀n ọ́n fúnra mi?

Ìdáhùn: Dókítà, ẹ kú làálàá. Kọ̀ǹpútà ò purọ́, ẹ̀yin náà ò sì ṣìrò. Nọ́ńbà tí wọ́n fún yín ni kò sọ ọ̀rọ̀ tán. Kò sí aago kankan lára kọ̀ǹpútà tó ń ka iṣẹ́ dókítà. Ìṣirò ni wọ́n ṣe, ìpinnu méjì tí ẹnì kan ti ṣe kí ìwé yẹn tó dé ọwọ́ yín ló sì bí iye tó jáde. Èkíní: bí dókítà bá dákẹ́ tí kò fọwọ́ kan nǹkan, yóò ti pẹ́ tó kí á tó sọ pé ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀? Èkejì: bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, kí ni a ó fi pín in?

Ẹ jẹ́ ká mú èkejì ṣáájú, nítorí mo fura pé ibẹ̀ ni tiyín ti wọ́.

Ẹ sọ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 51 di ìlọ́po 7. Wákàtí 20 ni, ìṣẹ́jú 3 péré ló dín. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ 7 inú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi pín in, a jẹ́ pé bí wákàtí 20 ni ẹ̀ ń lò nínú àkọsílẹ̀ náà lọ́sẹ̀. Wákàtí 16 sì ni ilé ìwòsàn yà sọ́tọ̀ fún yín láti rí aláìsàn. Ẹ fi 16 pín 20, kí ẹ sọ èyí tó jáde di ìlọ́po 8: wákàtí 10. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fún gbogbo wákàtí 8 tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún aláìsàn, wákàtí 10 lẹ fi ń dojú kọ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé kí ẹ ro 10 mọ́ 8 o, torí apá kan nínú rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí aláìsàn ṣì jókòó síwájú yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí i pé inú iṣẹ́ kan náà ni "wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 51" àti "wákàtí 10" ti jáde.

Ibì kan tún wà tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní iye ọjọ́ tí dókítà bá wọ inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń pín in. Dókítà kan ṣe wákàtí 20 láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì: wákàtí 4 lóòjọ́ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ṣe wákàtí 20 kan náà, ó wá tún wọlé lọ́jọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, láti fèsì sí inbox, ìyẹn àpótí tí lẹ́tà àti iṣẹ́ ń já sí nínú àkọsílẹ̀ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ lé sí i, nọ́ńbà rẹ̀ sì já wálẹ̀ sí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 54, torí pé 7 ni wọ́n fi pín, kì í ṣe 5 mọ́. Bí ọ̀gá kan bá ń yọ̀ pé àkókò àwọn dókítà òun ti dín kù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ wọn ni iṣẹ́ ti jẹ.

Nítorí irú èyí ni Christine Sinsky, dókítà tó ń ṣe ìwádìí, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe dábàá nínú JAMIA, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ìlera, lọ́dún 2020 pé kí gbogbo ènìyàn máa fi wákàtí 8 tí a yà sọ́tọ̀ fún aláìsàn ṣe òṣùwọ̀n. Àpapọ̀ àkókò ni wọ́n pè ní EHR-Time8 (EHR ni àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà). Èyí tó bọ́ sí ìta àkókò aláìsàn ni WOW8. Note-Time8 wà fún kíkọ nóòtì, Script-Time8 fún oògùn kíkọ, IB-Time8 fún inbox. TWORD ń wo bí nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ṣe ń bá dókítà gbé ẹrù àṣẹ oògùn àti àyẹ̀wò. Ìkeje, ATTN, fẹ́ wọn àkókò tí dókítà gbójú lé aláìsàn láìbojú wo kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àfojúsùn ni wọ́n fi ṣe, nítorí ó ṣòro láti fà yọ nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀. Lójú tèmi, WOW8 ló yẹ kí ẹ di mú jù. Ẹni tó ń ka fáìlì aláìsàn níwájú rẹ̀ lè jẹ́ pé iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ẹni tó ń kà á ní aago mọ́kànlá alẹ́, oorun ara rẹ̀ ló fi ń san owó rẹ̀.

Ojú yìí náà ni kí ẹ fi wo àwọn iye tí wọ́n ń tẹ̀ jáde. Brian Arndt àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wo dókítà ìdílé 142 ní Wisconsin. Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2017, ni wákàtí 5.9 nínú iṣẹ́ òòjọ́ tó jẹ́ wákàtí 11.4: wákàtí 4.5 lásìkò kíníìkì, 1.4 lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 2021, ìwádìí Holmgren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, tó fi àwọn ilé ìwòsàn tó ń lo Epic, ètò àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà kan, ní Amẹ́ríkà wé ti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó ní bí ìṣẹ́jú 90 lóòjọ́ ni ti Amẹ́ríkà, ti àwọn yòókù kò tó 60. Ẹni tó bá ka méjèèjì pọ̀ á fẹ́ sọ pé ọ̀kan ti ṣìnà. Kò sí èyí tó ṣìnà. Ti Wisconsin, dókítà ìdílé nìkan ni, wọ́n sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ti kejì kó oríṣiríṣi ẹ̀ka pọ̀, àti ẹni tó ń rí aláìsàn lójoojúmọ́ àti ẹni tó ń rí wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, aago tí wọ́n sì lò kì í pẹ́ dúró bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí mouse. Ìkẹta ni ti Overhage àti McCallie lọ́dún 2020, tó kó iṣẹ́ dókítà bí 155,000 jọ: ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 14 lórí aláìsàn kan nígbà kan. Ẹ rí aláìsàn 20 lóòjọ́, ó di wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 25.

Ó wá ku ìpinnu èkíní, ìyẹn ìgbà tí aago ń dúró. Òfin HIPAA, tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn ní Amẹ́ríkà, ló ní kí ilé ìwòsàn ní ọ̀nà tí wọ́n á fi máa kọ ohun tí ènìyàn ṣe nínú fáìlì aláìsàn sílẹ̀. Audit log là ń pè é. Kí wọ́n lè mú ẹni tó ń yọjú sí fáìlì tí kò kàn án ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, kì í ṣe nítorí wíwọn iṣẹ́. Ó ń kọ ìgbà tí ẹ ṣe nǹkan. Kì í sábà kọ ìgbà tí ẹ ṣe é tán. Àlàfo àárín ìlà kan sí ìlà kejì la fi ń méfò àkókò. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

8:02:10 – ṣí fáìlì aláìsàn
8:02:14 – wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀
8:02:52 – wo nóòtì ìgbà tó kọjá
8:06:40 – ṣí nóòtì tuntun
8:06:58 – kọ oògùn
8:07:03 – fọwọ́ sí i

Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 293 ni. Àlàfo ńlá kan wà láàárín rẹ̀, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 48. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ó lè jẹ́ pé dókítà ń ka nóòtì gígùn. Ó lè jẹ́ pé ó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀sì pè é jáde. Audit log kò mọ̀. Bí òfin ìṣirò bá ní àlàfo tó bá ti ju ìṣẹ́jú kan lọ kì í ṣe iṣẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 65 la máa kà. Bó bá gba àlàfo tó tó ìṣẹ́jú 5 láàyè, 293 la máa kà. Bó bá ní ìṣẹ́jú àáyá 5 péré, 9 ló kù. Láti 9 dé 293, dókítà kan náà, aláìsàn kan náà.

Ẹ ṣọ́ra fún ìṣìnà kan tó wọ́pọ̀ níbí. Signal, irinṣẹ́ ìwọ̀n ti Epic, a máa dá aago dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5 tí kò bá sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mouse bá mira tàbí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kan, ó ti rí i. Audit log kò rí mouse tó ń mira. Ẹni tó bá gbé òfin ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ sórí audit log yóò sọ iṣẹ́ dókítà di eérú. Ti Oracle Health, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, tó ń jẹ́ Cerner tẹ́lẹ̀, ní òfin tirẹ̀ tó yàtọ̀. Nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó ń lo ọ̀kan wé ti èyí tó ń lo èkejì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ẹ béèrè audit log tiyín fún ọ̀sẹ̀ 4 tí ẹ ò gba ìsinmi nínú rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ìlera ní ilé ìwòsàn yín ló máa wà, kí àwọn tó ń ṣọ́ àṣírí aláìsàn sì mọ̀ sí i. Ohun márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan tó: àmì tí ẹ fi ń wọlé, àkókò dé ìṣẹ́jú àáyá, ohun tí ẹ ṣe, ẹ̀rọ tí ẹ lò, àti nọ́ńbà aláìsàn tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò. Ẹ má gba orúkọ aláìsàn, kò wúlò, ewu ló máa kó bá yín. Kí ẹ tún gba àtòjọ àpọ́íńtìmẹ́ǹtì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn kan náà.

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ yẹ aago wò. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá ń fi aago UTC, aago kan tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, kọ nǹkan. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Texas, wákàtí 6 ló fi ṣáájú yín nígbà òtútù, wákàtí 5 nígbà ooru. Bí ẹni tó ṣe ìṣirò bá gbàgbé èyí, iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kìíní á hàn bí iṣẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yín bá gba inú oṣù kẹta tàbí oṣù kọkànlá kọjá, nígbà tí wọ́n ń yí aago, ọ̀rọ̀ á tún lọ́ pọ̀ sí i. Ẹ kúkú yan ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn náà ẹ yọ àwọn ìlà tí ọwọ́ yín kò sí níbẹ̀ kúrò: ìgbà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tì yín síta nítorí ìdákẹ́, àti ìgbà tí iṣẹ́ kan dé sínú inbox láìjẹ́ pé ẹ ṣí i. Ẹ má sì ka iye ìlà bí iye ìgbà tí ẹ tẹ mouse. Ẹ ṣí fáìlì lẹ́ẹ̀kan péré, ìlà mẹ́wàá lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ ní ṣíṣí, tí ẹ tún ń lo fóònù, ẹ to gbogbo ìlà ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ ní títẹ̀lé aago kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kí ìṣẹ́jú kan má baà di méjì.

Ibi tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ ṣe ló kàn, nítorí ó gba wàhálà. Ẹ wá ẹnì kan tí yóò jókòó tì yín fún ìdajì ọjọ́ méjì, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda aláìsàn, kí ó máa fi aago ìdíje (stopwatch) kọ ìgbà tí ojú tàbí ọwọ́ yín wà lórí kọ̀ǹpútà. Kí ẹ wá ṣe ìṣirò audit log ìdajì ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 30, ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìṣẹ́jú 2, 3 àti 5. Èyí tó bá sún mọ́ aago ìdíje jù ni tiyín. Ẹ dán an wò lórí ìdajì ọjọ́ kejì. Bí kò bá bá a mu, ẹ ò tíì rí i. Bí ẹ kò bá rí ẹni jókòó tì yín, ẹ má yan ọ̀kan ṣoṣo: ẹ kọ iye tí àlàfo ìṣẹ́jú kan, 3 àti 5 mú wá, kí ẹni tó ń kà á rí ibi tí òótọ́ wà láàárín wọn. Ní ti alẹ́, ẹ fi aago fóònù yín ka iṣẹ́ yín fún alẹ́ mẹ́ta, kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá ń ya inú kíníìkì sọ́tọ̀ kúrò lára ìta, ẹ gé iṣẹ́ níbi tí àkókò ti parí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ láti 4:50 sí 5:20, tí kíníìkì rẹ̀ parí ní 5:00, ìṣẹ́jú 10 ló jẹ́ ti inú, 20 ti ìta. Bí ìṣirò bá kó gbogbo rẹ̀ sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìta á sọ nù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ká sọ pé wákàtí 6 nínú 20 tiyín ló bọ́ síta: 6, ẹ fi 16 pín in, lọ́nà 8, WOW8 yín jẹ́ wákàtí 3. Àmọ́ bí ilé ìwòsàn bá fún yín ní àkókò iṣẹ́ tábìlì lọ́sàn-án, WOW8 yóò kó o mọ́ ìta. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ọ̀gá má baà fi ìyẹn já ọ̀rọ̀ yín nù.

Ẹ má gba pajama time dípò WOW8. Orúkọ yẹn ni Epic fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín 5:30 ìrọ̀lẹ́ sí 7 òwúrọ̀, pẹ̀lú òpin ọ̀sẹ̀. Dókítà tó parí kíníìkì ní aago méjìlá, tó jókòó ti nóòtì títí di aago márùn-ún, kò ní ìṣẹ́jú kan níbẹ̀. Èyí tó ní kíníìkì alẹ́ yóò sì dà bí ẹni tí iṣẹ́ ń pa nílé. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn lórí ibùsùn kò tilẹ̀ ní àpọ́íńtìmẹ́ǹtì tí a lè fi ṣe ààlà. Àkókò ìgbaṣẹ́ àti ìfiṣẹ́lé wọn ni kí a lò.

Bí ẹ tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí dáadáa, àwọn nǹkan kan á bọ́. Fóònù tí ẹ pe ilé oògùn kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ẹ fi bírò kọ. Ohun tí akọ̀wé tó ń bá yín kọ nóòtì ṣe, orúkọ tirẹ̀ ló máa wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ AI tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú aláìsàn tó sì ń kọ nóòtì, Note-Time8 lè já wálẹ̀ kí WOW8 má mira, torí àtúnṣe nóòtì náà ti di iṣẹ́ alẹ́. Ẹ wọn méjèèjì pọ̀. Àwọn tó jókòó ti dókítà fúnra wọn máa ń rí ohun tí kọ̀ǹpútà kò rí: ìwádìí ọdún 2016 tí Sinsky darí, tí wọ́n fi wákàtí 430 wo dókítà 57, rí i pé ìpín 27 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò wọn ni wọ́n fi kojú aláìsàn, ìpín 49.2 sì lọ sórí kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ tábìlì. Ẹ kíyè sí i pé "iṣẹ́ tábìlì" wà nínú rẹ̀, ohun tí audit log kò lè kà.

Fún àwọn dókítà tó ń ka èyí láti Nàìjíríà: ẹ má gbé ìlànà yìí lọ bó ṣe wà. NMRS, ètò àkọsílẹ̀ ìlera tí ọ̀pọ̀ kíníìkì HIV ń lò, orí OpenMRS, ètò ọ̀fẹ́ kan, ni wọ́n kọ́ ọ lé. OpenMRS ń kọ ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ àti ìgbà tó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ kì í kọ ẹni tó kàn ṣí fáìlì kà. Àkókò kíkà á ti sọ nù pátápátá. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń kọ ọ́ sórí káàdì kí akọ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì, àkókò akọ̀wé lẹ ń wọ̀n. Bí dókítà mẹ́ta bá jọ ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan, kò sí ìṣirò tó lè tú wọn ká. Aago ìdíje àti ẹni tó jókòó tì wọ́n ló dáa jù níbẹ̀.

Dókítà, bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà yín, ẹ má gbé àpapọ̀ nìkan lọ bá ọ̀gá. Ẹ fi irú iṣẹ́ pín wákàtí 6 tó bọ́ síta. Bó bá jẹ́ inbox ló kó púpọ̀ jù (ní Wisconsin, inbox nìkan gba ìṣẹ́jú 85 lóòjọ́), ẹ ka iye tó jẹ́ àtúnkọ oògùn tí nọ́ọ̀sì lè ṣe lábẹ́ ìlànà tí ẹ fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ nóòtì, ẹ wo iye tí ẹ parí lọ́jọ́ náà àti iye tó di ọjọ́ kejì; èyí tó bá di ọjọ́ kejì lẹ tún ń ka fáìlì rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó lè kọ ọ́, àkókò kíkà yẹn sì wà nínú audit log yín, lábẹ́ orúkọ "wo èsì" àti "wo nóòtì", tí kò sẹ́ni tó máa rò pé nóòtì ló fà á.